Gipsy Moth IV: bí ọkọ̀ onígbòkun kan àti ẹnì kan ṣoṣo ṣe yí ayé ká

Ẹ bi èèyàn mẹ́rin pé ta ló kọ́kọ́ fi ọkọ̀ ojú omi yí ayé ká, ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ orúkọ mẹ́rin. Ẹnì kan á ní Magellan ni. Òmíràn á ní Slocum ni. Ẹnì kẹta á ní Chichester, èyí tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì fi idà fi joyè. Ẹnì kẹrin á ní irọ́ ni wọ́n ń pa, Knox-Johnston ni. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ́jú pọ̀ ni pé mẹ́ta nínú wọn ló jàre, ohun tí kálukú ṣe ló yàtọ̀. Magellan nìkan ni kò débẹ̀: wọ́n pa á ní Philippines lọ́dún 1521. Elcano, tó gba ipò rẹ̀, àti ìwọ̀nba àwọn ọmọ ọkọ̀ tó ṣẹ́ kù ló gbé ọkọ̀ dé Spain lọ́dún 1522, wọ́n sì pọ̀ nínú ọkọ̀ náà; kò sẹ́ni tó dá nìkan rìn.

Ẹni tó kọ́kọ́ dá nìkan yí ayé ká ni Joshua Slocum, ará Amẹ́ríkà. Ògbólógbòó ọkọ̀ kan tó ti ń jẹrà nínú pápá ní Fairhaven, Massachusetts, ni wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Ó tún un kàn láti ìdí dé orí, ó pè é ní Spray, ó sì kúrò ní Boston ní April 1895. June 1898 ló tó padà gúnlẹ̀ sí Newport. Ó ju ọdún mẹ́ta lọ, nítorí ibi tó bá wù ú ló ń yà sí: Gibraltar, Brazil, Samoa, Australia, South Africa. Francis Chichester ní tirẹ̀ yà síbì kan péré, Sydney, lọ́dún 1966 sí 1967. Robin Knox-Johnston kò yà síbì kankan rárá. Suhaili, ọkọ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 32, tí wọ́n kàn ní Bombay, ló gbé kúrò ní Falmouth ní 14 June 1968. Kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ títí di 22 April 1969 tó padà dé Falmouth kan náà.

Ẹ rí i báyìí. Slocum ló kọ́kọ́ dá a ṣe. Chichester ló kọ́kọ́ dá a ṣe pẹ̀lú ìsinmi ẹ̀ẹ̀kan péré, ní ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ẹrù ńláńlá ayé àtijọ́ máa ń gbà, kò sì sí ọkọ̀ kékeré kankan tó yára tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Knox-Johnston ló kọ́kọ́ ṣe é láìdúró. Ìjà ò sí níbẹ̀. Ti Chichester ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí ọkọ̀ tó fi ṣe é, Gipsy Moth IV, ni ìtàn rẹ̀ máa ń dàrú jù, àti nítorí pé ẹni tó fi ọkọ̀ náà gba òkìkí gan-an ló bú u jù.

Ẹ jẹ́ ká mú orúkọ náà kúrò lọ́nà ná. Ọkọ̀ òfuurufú ni Gipsy Moth àkọ́kọ́. Chichester, ọmọ Devon tí wọ́n bí lọ́dún 1901, kó lọ sí New Zealand nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 pẹ̀lú pọ́n-ùn mẹ́wàá lápò. Nígbà tó rówó, ó ra ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan tí ilé iṣẹ́ de Havilland ń ṣe, Gipsy Moth ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, ó sì dá fi fò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Australia. Lọ́dún 1931 ó fi ré kọjá Òkun Tasman, láti New Zealand lọ sí Australia. Lọ́dún yẹn kan náà, ó kọ lu wáyà tí wọ́n ta gba ojú òfuurufú ní Japan, díẹ̀ ló kù kó kú. Gbogbo ọkọ̀ ojú omi tó wá ní lẹ́yìn ìyẹn ló fi orúkọ bàálù náà sọ, ó ń ka iye wọn lọ: Kejì, Kẹta, Kẹrin, títí dórí Karùn-ún.

Lọ́dún 1958 ni dókítà sọ fún un pé jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Sheila ìyàwó rẹ̀ kò gbà kí wọ́n là á, ó ń fi oúnjẹ àti àdúrà tọ́jú ọkọ rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Chichester fi Gipsy Moth III borí ìdíje àwọn tó ń dá tukọ̀ láti Plymouth dé New York, ogójì ọjọ́ ló lò. Nítorí náà, nígbà tó ń múra láti yí ayé ká, bàbá ẹni ọdún 64 ni. Orí omi ló ti pé 65.

Ọkọ̀ tó fẹ́ lò, John Illingworth àti Angus Primrose ló yà á, ilé iṣẹ́ Camper & Nicholsons ló kàn án ní Gosport. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 53, kò sì ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá àbọ̀ lọ ní fífẹ̀. Èèyàn lè béèrè pé kí ni ẹnì kan ṣoṣo ń fi ọkọ̀ gbọọrọ bẹ́ẹ̀ ṣe. Eré ló ń wá. Ọkọ̀ tó ń la omi kọjá máa ń dá ìgbì tirẹ̀ sílẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, àárín méjèèjì ló sì máa ń há sí bí eré rẹ̀ bá ti dé ìwọ̀n kan. Bí ọkọ̀ bá ṣe gùn tó lójú omi ni ìgbì méjèèjì á ṣe jìnnà síra tó, eré náà á sì pọ̀ sí i kó tó há. Chichester ti kó àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ onígbòkun ńlá ayé àtijọ́ jọ, àwọn tó máa ń lọ kó irun àgùntàn ní Australia. Ó rí i pé nǹkan bí 100 ọjọ́ ni àwọn tó dáa nínú wọn máa ń lò kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ohun tó fẹ́ bá dọ́gba nìyẹn, pẹ̀lú ọkọ̀ tí kò tó ìdá díẹ̀ nínú tiwọn.

Pákó mahogany ilẹ̀ Honduras ni wọ́n fi kàn án, ìbátan igi ọ̀gànwó tiwa. Wọ́n lá a pẹlẹbẹ, wọ́n tò ó ní ìpele mẹ́fà, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ra wọn títí tí gbogbo rẹ̀ fi di odindi kan. Ó fúyẹ́, ó sì le. Lọ́jọ́ tí wọ́n tì í sómi ní March 1966, ìgò tí Sheila jù lù ú kò fọ́ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó wá burú jù ni pé kò tíì kúrò ní èbúté tó ti ń mì jìgìjìgì lórí ìgbì tí kò tó nǹkan. Wọ́n tún rọ òjé kún abẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ ọkọ̀ náà kò gbé jẹ́ẹ́ tó bó ṣe yẹ.

Ó yẹ kí n dúró ṣàlàyé òjé àti abẹ́ ọkọ̀ yìí, torí pé ibẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń béèrè wà: báwo ni atẹ́gùn ṣe máa gbé ọkọ̀ lọ síbi tí atẹ́gùn fúnra rẹ̀ ti ń bọ̀? Òótọ́ ni pé ọkọ̀ onígbòkun kò lè dojú kọ atẹ́gùn gbọnrangandan. Ohun tó lè ṣe ni pé kó fi ẹ̀gbẹ́ gbà á, kó sì máa lọ síwájú ní ìdábùú. Nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ kọjá lára ìgbòkun tó tẹ̀ kọrọdọ, ó máa ń fà á bí ó ṣe ń gbé apá bàálù sókè, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ló ń fà á sí jù, iwájú díẹ̀. Bó bá jẹ́ pẹpẹ lásán ló léfòó, ẹ̀gbẹ́ náà ni ì bá gbá lọ. Ṣùgbọ́n abẹ́ ọkọ̀ ní ohun pẹlẹbẹ gígùn kan tó yọ wọ inú omi lọ, kíìlì ni àwọn atukọ̀ ń pè é. Omi kò jẹ́ kí kíìlì yìí rìn sí ẹ̀gbẹ́. Atẹ́gùn ń tì í láti òkè, omi ń kọ̀ fún un nísàlẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni iwájú, àfi bí kóró àgbálùmọ̀ tó ta pàú láàárín ìka méjì tó fún un. Bí atukọ̀ bá ti rìn báyìí díẹ̀, á yí iwájú ọkọ̀ sápá kejì, á tún rìn, títí á fi dé ibi tó ń lọ. Ó máa ń pẹ́, ó sì máa ń tánni lókun, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá gbọ́n fi máa ń wá ọ̀nà tí atẹ́gùn á ti máa ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá.

Ọ̀nà yẹn ni Chichester tọ̀. Bí èèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ gba òkun Àtìláńtíìkì títí tó fi kọjá ìsàlẹ̀ Áfíríkà, á dé apá gúúsù ayé níbi tí ilẹ̀ kò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́. Láti ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn ibẹ̀ ti ń fẹ́, yípo ayé, tọ̀sán tòru, kò sí òkè tí yóò dá a dúró. Ẹni tó bá kọrí sí ìlà oòrùn á ní atẹ́gùn lẹ́yìn. Àmọ́ bí atẹ́gùn kò ṣe rí ohun dí i lọ́wọ́ náà ni ìgbì kò rí, ìgbì ibẹ̀ máa ń ga ju ilé alájà lọ. Ẹni tó bá yí i padà, tó ní òun á máa lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ìyà ló ń wá: ọdún 1971 ni ẹnì kan, Chay Blyth, tó dá a ṣe lápá ibẹ̀ yẹn láìdúró, nínú ọkọ̀ onírin tí wọ́n pè ní British Steel.

Chichester gbéra ní Plymouth ní 27 August 1966. Ó ń rán ìròyìn sí àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti orí rédíò. Kò sí GPS nígbà yẹn. Sextant ló fi ń wọn bí oòrùn ṣe ga tó sí ibi tí òkun ti pàdé ojú ọ̀run, á wo aago, á ṣírò, á wá fi pẹ́ńsù sàmì ibi tó wà sórí máàpù. Ó mọ̀ ọ́n gan-an o. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, òun ló ń kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní bí wọ́n ṣe ń mọ ọ̀nà.

Ta ló wá ń tukọ̀ nígbà tó bá sùn? Wọ́n de apá pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó dúró sókè tó ń gba atẹ́gùn, ó sì so pọ̀ mọ́ ìtọ́kọ̀. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà, atẹ́gùn á bá apá yẹn láti ẹ̀gbẹ́ mìíràn, á yí i, òun náà á fa ìtọ́kọ̀, ọkọ̀ á padà sáyè rẹ̀. Kò jẹ epo, kò lo iná. Ohun tí kì í yé èèyàn nípa rẹ̀ ni pé kò mọ àríwá yàtọ̀ sí gúúsù. Atẹ́gùn nìkan ló mọ̀. Bí atẹ́gùn bá yí padà láàárín òru, ọkọ̀ á bá a yí, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí rèé tí Chichester fi gbé kọ́ńpáàsì kan sítòsí ibùsùn rẹ̀: bó bá lajú lóru, kó tó dìde, á ti mọ ibi tí wọ́n dorí kọ.

Ohun èlò yẹn ló sì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú òkun Íńdíà, nígbà tí Sydney ṣì jìnnà ju 2,000 máìlì lọ. Ó kọ́kọ́ gbèrò láti yà sí Fremantle ní ìwọ̀ oòrùn Australia, ìyẹn ì bá sì ba gbogbo ètò rẹ̀ jẹ́. Ó wá fi okùn so ìgbòkun kékeré kan mọ́ ọwọ́ ìtọ́kọ̀, ó ń tún un so, ó ń tú u, títí ó fi rí ọ̀nà tí ìgbòkun yẹn á fi máa fa ìtọ́kọ̀ fúnra rẹ̀. Tèmi ni pé nínú gbogbo ìrìn àjò náà, iṣẹ́ ọwọ́ yìí ló fakọ yọ jù. Ó wọ Sydney ní 12 December, ọjọ́ 107. Ọjọ́ méje péré ló fi jìnnà sí ohun tó ń lé. Ó ti rù kan eegun.

Ní Sydney, ọ̀pọ̀ ló ní kó má lọ mọ́. Àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ibẹ̀ tún kíìlì rẹ̀ ṣe kí ó lè tọ́jú ọ̀nà dáadáa. Ìjọba ti kéde pé wọ́n ti fi oyè Sir dá a lọ́lá kó tó kúrò níbẹ̀. Ní 29 January 1967 ó gbéra, ìjì sì ń bọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, nínú òkùnkùn Òkun Tasman, ó dùbúlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ yí dà. Ìgò, agolo, ọ̀bẹ, ẹyin, ohun gbogbo tó wà lápá kan ya lu apá kejì, lára rẹ̀. Kì í ṣe pé ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lásán. Ó kọjá bẹ́ẹ̀, òpó ìgbòkun wọ abẹ́ omi lọ. Nígbà tó wo ibi tí nǹkan ti ha ògiri inú ọkọ̀ lẹ́yìn náà, ó ṣírò rẹ̀ pé ó ti yí ju ìwọ̀n 130 lọ. Bí 90 bá jẹ́ pé òpó dùbúlẹ̀ sójú omi, 180 á jẹ́ pé orí ti di ìdí pátápátá.

Kí ló wá gbé e dìde? Òjé tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ni. Òun ló wúwo jù lára ọkọ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ló sì wà. Nígbà tí ọkọ̀ bá yí dà, òjé á wá wà lókè, kò sì sí ohun wíwúwo tó máa gbà láti jókòó sókè bí àyè ìsàlẹ̀ bá wà. Ó padà sọ̀ kalẹ̀, òpó sì jáde látinú omi láìṣẹ́. Ọkọ̀ tí kò bá ní irú ìwọ̀n yìí lábẹ́, bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí àwọn apẹja ń lò ní ọ̀sà, bó bá ti dojú dé, àfi kí èèyàn yí i padà. Chichester kó omi inú ọkọ̀ dànù, ó wò ó bóyá kó padà sí Sydney, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ó yí Cape Horn, ṣóńṣó ìsàlẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà, ní 20 March. Nígbà tó yọ orí síta níbi tó rò pé kò séèyàn, HMS Protector, ọkọ̀ ológun Gẹ̀ẹ́sì, ló rí. Bàálù àwọn oníròyìn náà wá ń fò lókè rẹ̀. Inú bí i díẹ̀. Ìyókù jẹ́ àríwá, gba Àtìláńtíìkì wálé. Ní ìrọ̀lẹ́ 28 May 1967, nǹkan bí 250,000 èèyàn ló dúró dè é ní Plymouth. Ó ti rin 29,630 máìlì, ó sì lo ọjọ́ 226 lójú omi. Ní July, Ọbabìnrin fi idà kàn án léjìká ní gbangba ní Greenwich, idà kan náà tí Elizabeth Kìíní fi fi Francis Drake, ògbóǹtarìgì atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, joyè ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn. Iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ tẹ sítáǹpù ọkọ̀ náà jáde.

Ẹni tí wọ́n ń yìn báyìí, ẹ gbọ́ ohun tó sọ nípa ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní alágídí ni, pé kò sí ìfẹ́ kankan láàárín òun àti rẹ̀. Ó ní atukọ̀ mẹ́ta ló yẹ kó máa tù ú: ọkùnrin kan tó mọ ọ̀nà, erin kan tí yóò máa fa ìtọ́kọ̀, àti ìnàkí kúkúrú kan tí apá rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ tí yóò máa rìn nínú yàrá rẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ọkọ̀ nìkan ni tòun, Lord Dulverton ìbátan òun ló ni ìdá méjì nínú mẹ́ta, àti pé bí wọ́n bá fi ayùn gé ìdá kan dànù lára rẹ̀ á sàn. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń sáré láti iwájú dé ẹ̀yìn ọkọ̀ onígbòkun gígùn yẹn fún ọjọ́ 226, tó sì ti dàgbà kọjá ọgọ́ta ọdún, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó ráhùn. Wọ́n kan Gipsy Moth V fún un, èyí tó tún fi gbìyànjú lọ́dún 1971 láti rin 4,000 máìlì ní ogún ọjọ́, láti Bissau ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà dé Nicaragua. Ó fi bí ọjọ́ méjì kù ú káàtó. Ó kú ní August 1972.

Gipsy Moth IV ní tiẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìfẹ́ yẹn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Lọ́dún 1968 wọ́n gbé e kalẹ̀ sórí kọnkéré ní Greenwich, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cutty Sark, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ irun àgùntàn tó ń bá díje. Àlejò ń gun orí rẹ̀ lọ sókè sódò. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọkọ̀ tó bá ti kúrò nínú omi ti bọ́ lọ́wọ́ ìbàjẹ́, òdìkejì rẹ̀ ló sì jẹ́ òótọ́ fún ọkọ̀ onígi. Omi iyọ̀ kì í jẹ́ kí igi tètè jẹrà. Omi òjò ló ń mú un jẹrà. Oòrùn ń mú igi gbẹ kó sán, òjò ń wọ ibi tó sán, kò sì síbi tó máa gbà jáde. Nígbà tó fi máa pé ọgbọ̀n ọdún, wọ́n ti ní kí àlejò má gùn ún mọ́.

Ìwé ìròyìn Yachting Monthly ló pariwo rẹ̀. UKSA, ilé ẹ̀kọ́ atukọ̀ kan ní Isle of Wight, rà á ní pọ́n-ùn kan àti ife ọtí gin kan, wọ́n sì gbé e padà sí Gosport fún àtúnṣe. Lọ́dún 2005 ó tún gbéra láti yí ayé ká. Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn láti èbúté dé èbúté, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti ilé tí nǹkan ò ti ṣẹnuure. Lọ́tẹ̀ yìí ìwọ̀ oòrùn ló kọrí sí, Panama ló gbà, nínú ooru, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ láti ìlà oòrùn. Ẹni tó bá ń fi ìrìn yìí wé ti Chichester kò ṣe é bó ṣe yẹ, ọ̀nà àti òkun méjì tó yàtọ̀ ni.

Síbẹ̀, ibi tó rọrùn yẹn ni ewu ti bá a. Ní April 2006 ó gun àpáta iyùn ní Rangiroa, láàárín àwọn erékùṣù Tuamotu nínú òkun Pàsífíìkì. Ọkọ̀ tí sextant àti pẹ́ńsù mú la gúúsù ayé já ni àṣìṣe nínú wíwo ọ̀nà gbé lé iyùn ní àsìkò GPS. Ihò ńlá lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n lẹ ihò náà, wọ́n wọ́ ọ jáde, wọ́n sì gbé e lọ sí Auckland níbi tí wọ́n ti tún un kàn. Ó padà wọ Plymouth ní 28 May 2007, ogójì ọdún gééré sí ọjọ́ tí Chichester dé. Lọ́dún 2010, nígbà tí owó ìtọ́jú rẹ̀ ń wúwo fún UKSA, wọ́n tà á fún àwọn tó fẹ́ kó máa rìn, kì í ṣe kó máa jókòó. Wọ́n sì gbé e lọ sí Buckler's Hard, létí odò Beaulieu, níbi tí Chichester ti máa ń so àwọn ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.